Iye Tí Ìgbàgbọ́ Ń Náni: Ẹ̀kọ́ Kan Láti Inú Ìtàn Ìjọ ní Ilẹ̀ Ẹ̀gbá

Ìfáárà

Ẹni tí ó bá gba ojú títì láti Panṣẹ́kẹ́ lọ sí Adìgbẹ ní ìlú Abẹ́òkúta ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi yóò mọ̀ pé àwa ará ibẹ̀ kò fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ṣeré. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ilé ìjọsìn kan kò tíì dákẹ́ tí ti èkejì yóò ti gbà á lẹ́nu rẹ̀. Adìgbẹ yìí ni mo ń gbé, n kì í sì í ṣe àlejò nínú ilé Ọlọ́run. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo wà nínú ìjọ kan tí a ti ń ṣe ìkórè. Olùdarí ètò ń pe àwọn ènìyàn jáde ní ìpele-ìpele. Àwọn tí yóò fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba náírà dúpẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ jáde. A gbàdúrà fún wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, a dárúkọ wọn, a dárúkọ àwọn ọmọ wọn. Bẹ́ẹ̀ ni iye owó ń lọ sílẹ̀ tí àdúrà náà sì ń kúrú sí i. Nígbà tí ó kan àwọn tí ọwọ́ wọn kò ju ẹgbẹ̀rún kan lọ, a ní kí wọ́n dúró síbi tí wọ́n wà, a sì ṣe àdúrà kan ṣoṣo fún gbogbo wọn. Lẹ́yìn èyí ni oníwàásù dìde, tí ó fi odidi wákàtí kan bá ayé òde òní wí pé owó ni ayé ń bọ, pé àwọn aláìgbàgbọ́ ti sọ ipò àti ọrọ̀ di òrìṣà.

Nígbà tí a jáde, ọmọdébìnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó pọn ọmọ ọ̀gá rẹ̀ sẹ́yìn, ó gbé àpò Bíbélì ọ̀gá rẹ̀ lọ́wọ́. Ọmọ ọ̀dọ̀ ni. Ìta ni ó wà láti ìbẹ̀rẹ̀ ìsìn títí dé òpin, nítorí pé ọmọ tí ó pọ̀n ń sunkún.

Ohun tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé ìlànà Kìrìsìtẹ́nì wà ní apá kan, àwùjọ òde òní tí kò fi ẹ̀sìn ṣe ìpìlẹ̀ wà ní apá kejì. Pé ìfẹ́, òtítọ́, ìrẹ̀lẹ̀ àti ìfara-ẹni-rúbọ ni ti apá kìíní, tí owó, agbára, ipò àti fàájì sì jẹ́ ti apá kejì. Wọ́n tún máa ń fi kún un pé ní ayé àwọn baba wa, ìgbàgbọ́ mọ́ gaara, pé ayé òde òní ni ó wá da omi rẹ̀ rú. Èrò mi nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ìtàn ilẹ̀ Ẹ̀gbá kò bá èyí mu. Láàárín ìjọ fúnra rẹ̀ ni ìjàkadì náà ti bẹ̀rẹ̀, láti ìgbà tí ìjọ ti wà. Ohun tí ó sì fi ìlànà tòótọ́ hàn yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni iye tí ẹni tí ó gbà á ṣe tán láti san lórí rẹ̀.

Ohun Tí Ẹ̀gbá Kà sí Ire

Kí a má ṣe tan ara wa jẹ: ìfẹ́ owó kò bá ọkọ̀ òfuurufú dé ilẹ̀ Yorùbá. Bí a bá tẹ́tí sí ìwúre àwọn àgbà, ire owó, ire ọmọ àti ire àìkú ni wọ́n ń tọrọ, owó sì ni a sábà máa ń kọ́kọ́ dá. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kan náà ni wọ́n fi ohùn pààlà sáàárín ọlà tí í ṣe ọrọ̀ àti ọlá tí í ṣe iyì. Ọlà lè mú ọlá wá. Bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn lè ní ọlà kí ó má ní ọlá rárá, bí kò bá ní ìwà. Nítorí náà, ìjà tí ó wà láàárín ohun tí ó níye lórí àti ohun tí ó kàn ń ná owó ti pẹ́ nínú èdè wa ju ìgbàgbọ́ lọ.

Ohun mìíràn tí a ní láti rántí ni pé ènìyàn ni ọrọ̀ ní ayé ìgbà náà. Ilẹ̀ pọ̀ lọ jàra. Ọwọ́ tí yóò ro ó ni ó wọ́n. Aya, ọmọ, ìwọ̀fà àti ẹrú ni a fi ń mọ ẹni ńlá. Èdè wa kò fi èyí bò: olówó ni a ń pe ẹni tí ó ni ẹrú. Nígbà tí ẹrú bá sọ pé ‘olówó mi’, ohun tí ó ń sọ ni pé ẹni tí owó rẹ̀ rà mí. Àwọn Yorùbá sì tún máa ń pa á lówe pé ẹni tí ó ni ẹrú ni ó ni ẹrù. Ṣùgbọ́n nínú èdè kan náà ni òwe mìíràn wà tí ó ta ko ti àkọ́kọ́: bí a ti bí ẹrú ni a bí ọmọ. Òwe méjèèjì jọ ń gbé inú ìlú kan náà, ẹni tí ó ń pa ọ̀kan kò sì ṣàìmọ èkejì.

Ẹ̀gbá fúnra wọn mọ ohun tí oko ẹrú jẹ́. Ogun tí ó tú àwọn ìlú wọn ká ní nǹkan bí ọdún 1820 sí 1830 ni ó lé wọn dé abẹ́ àpáta Olúmọ ní ọdún 1830, lábẹ́ ìdarí Ṣódẹkẹ́. Agbára káká ni a fi lè rí agbo ilé kan ní Abẹ́òkúta ìgbà náà tí a kò ti kó ẹnìkan nínú wọn lẹ́rú. Bẹ́ẹ̀, bí ìlú náà ti ń fìdí múlẹ̀ tí àwọn jagunjagun rẹ̀ sì ń ṣẹ́gun, àwọn tí a ti kó lẹ́rú rí bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹlòmíràn.

Ọ̀rọ̀ Kan Tí Gbogbo Ènìyàn Mọ Ìtumọ̀ Rẹ̀

Inú irú ìlú yìí ni ìhìnrere bọ́ sí. Àwọn Sàró ni wọ́n kọ́kọ́ mú un wá, àwọn ọmọ Ẹ̀gbá àti Yorùbá tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú lójú òkun, tí a sì kó sọ̀ kalẹ̀ sí Freetown. Láti nǹkan bí ọdún 1839 ni wọ́n ti ń padà wálé. Àwọn ni ó ń fẹ́ kí oníwàásù tẹ̀lé wọn. Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dé Abẹ́òkúta ní Oṣù Kejìlá ọdún 1842; Henry Townsend ti ẹgbẹ́ CMS dé ní ọjọ́ kẹrin Oṣù Kìíní ọdún 1843. Ṣódẹkẹ́ gbà wọ́n tọwọ́-tẹsẹ̀. Nígbà tí Townsend yóò fi padà wá fìdí múlẹ̀ ní Oṣù Kẹjọ ọdún 1846, Ṣódẹkẹ́ ti kú, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá Townsend wá lọ́tẹ̀ yìí kò ṣeé fojú kéré: Samuel Àjàyí Crowther ni.

Ọdún 1821 ni a kó Àjàyí lẹ́rú ní Òṣogùn, tí a sì yà á kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ní Oṣù Kẹjọ ọdún 1846 yìí kan náà, ọdún márùn-ún-dín-lọ́gbọ̀n lẹ́yìn náà, òun àti ìyá rẹ̀ fojú kanra wọn ní Abẹ́òkúta. Ìyá náà ti fojú winá oko ẹrú títí àwọn ẹbí rẹ̀ fi rà á padà. Ní ọdún 1848, ó wà lára àwọn àkọ́kọ́ tí a rì bọmi ní ìlú náà. Hánà ni orúkọ tí a sọ ọ́, orúkọ ìyá Sámúẹ́lì inú Bíbélì.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà, rà padà. Nígbà tí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Ìwé Mímọ́ sí Yorùbá, wọ́n yá àwọn ọ̀rọ̀ kan tí àwọn Mùsùlùmí ti sọ di ti wa, bí àdúrà, àlùfáà, ìwàásù àti wòlíì. Ṣùgbọ́n fún iṣẹ́ tí wọ́n ní Kírísítì ṣe fún aráyé, ìràpadà ni wọ́n pè é, tí wọ́n sì pe Kírísítì ní Olùràpadà. Ní etí wa lónìí, ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ní etí ará Abẹ́òkúta ọdún 1848, ọ̀rọ̀ ọjà ni, ọ̀rọ̀ ẹkún àti ayọ̀ sì ni pẹ̀lú. Ẹni tí ó gbọ́ ọ mọ iye ọ̀kẹ́ owó ẹyọ tí ó ná òun láti ra àbúrò òun padà, tàbí ó ń wá owó náà lọ́wọ́ nígbà náà gan-an. Kò sí ìwé àlàyé tí ó lè túmọ̀ ìgbàgbọ́ fún un ju bẹ́ẹ̀ lọ: ẹnìkan san owó kí ẹlòmíràn lè lọ lómìnira.

Ìhìnrere yìí kò sì dá wá. Thomas Fowell Buxton, ọ̀tá òwò ẹrú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti kọ́ni pé Bíbélì àti ohun èlò oko ni yóò jọ tún Áfíríkà ṣe. Henry Venn tí í ṣe akọ̀wé àgbà CMS tẹ̀lé ìlànà yìí. Òun àti Thomas Clegg, oníṣòwò kan ní Manchester, ṣètò òwò òwú ní Abẹ́òkúta. Wọ́n kó ẹ̀rọ tí ń fọn òwú wá, wọ́n rán àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin bíi Henry Robbin lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti kọ́ iṣẹ́ náà. Ní ọdún 1859, Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròhìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá, tí a ń tà ní ọgọ́fà owó ẹyọ. Nínú rẹ̀, ìròyìn ìjọ àti ìròyìn ọjà jọ ń rìn pọ̀. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ìhìnrere ti gun kẹ̀kẹ́ yìí. Ìbéèrè tí ó kù ni ẹni tí ó ń darí ẹnì kejì.

Olówó àti Ẹrú Nínú Ìjọ Kan Náà

Òwò òwú àti epo tí wọ́n pè ní òwò ẹ̀tọ́ ń fẹ́ ọwọ́: ẹni tí yóò ro oko, tí yóò fọ epo, tí yóò ru ẹrù dé etí odò. Ní Abẹ́òkúta, ẹrú àti ìwọ̀fà ni ó pọ̀ nínú ọwọ́ náà. Bí òwò tí ó yẹ kí ó pa òwò ẹrú ṣe ń gbèrú ni ìwúlò ẹrú nínú ilé àti lóko ń pọ̀ sí i. Àwọn onígbàgbọ́ kò sì dá yàtọ̀. Nínú àwọn Sàró pàápàá, tí a gbà sílẹ̀ lójú òkun, a rí àwọn tí ó ra ẹrú nígbà tí wọ́n dé ilé.

Kí ni ìjọ ṣe? Ní ti ọ̀rọ̀ aya, òfin le. Ìlànà tí Venn fi ọwọ́ sí ní ọdún 1857 ni pé a kò gbọdọ̀ rì ọkùnrin tí ó ní ju aya kan lọ bọmi, àfi bí ó bá kọ́kọ́ kọ àwọn yòókù sílẹ̀. Ní ti ọ̀rọ̀ ẹrú, ọ̀nà gbòòrò. A kò sọ pé kí olówó ẹrú kọ́kọ́ dá ẹrú rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó wọ ìjọ. Àwọn míṣọ́nárì bíi Townsend àti Crowther pàápàá gbà pé ẹrú ilé yàtọ̀ sí òwò ẹrú, pé díẹ̀díẹ̀ ni yóò kú. Nítorí náà, ọkùnrin tí ó ní aya méjì tí ó sì ń tọ́jú wọn dọ́gba-dọ́gba dúró ní ìta, ẹni tí ó ní aya kan pẹ̀lú ogún ẹrú sì lè jókòó síwájú kí ó máa kọrin ìràpadà. Nínú ìjókòó kan náà, lẹ́yìn rẹ̀, ẹrú rẹ̀ lè máa kọ orin kan náà.

Kí a ṣe ẹ̀tọ́ fún àwọn onígbàgbọ́ ìgbà náà, nítorí pé ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Wọ́n ní ẹrú ilé ń jẹ ohun tí ọmọ ń jẹ, ó lè ra ara rẹ̀ padà, ó sì lè di ẹni ńlá. Wọ́n rí i pé láti ìgbà tí Gẹ̀ẹ́sì ti gba Èkó ní ọdún 1861, ẹrú tí ó bá sá dé ibẹ̀ kò ní padà mọ́, a kì í sì í san kọ́bọ̀ fún olówó rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, nígbà tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì fòpin sí oko ẹrú ní àwọn ilẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1833, ogún mílíọ̀nù pọ́n-ùn ni ó yà sọ́tọ̀ láti fi tu àwọn olówó ẹrú nínú. Àwọn ẹrú kò gba nǹkan kan nínú rẹ̀. Ẹni tí kò gba gbà-má-bínú lè bi ara rẹ̀ léèrè pé ta ni yóò tu òun nínú.

Àwọn míṣọ́nárì òyìnbó náà kò sì mọ́ pátápátá lọ́wọ́ ìfẹ́ ipò. Townsend tí ó ṣe iṣẹ́ ribiribi ní Abẹ́òkúta kò fẹ́ kí a fi aláwọ̀ dúdú ṣe bíṣọ́ọ̀bù lé òun lórí, ó sì sapá láti dá a dúró kí a tó fi Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1864. Ní Oṣù Kẹwàá ọdún 1867, ìjà òṣèlú láàárín Ẹ̀gbá àti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó bẹ́ di ìdàrúdàpọ̀ tí a ń pè ní Ìfọ́lé. A kó ilé àwọn míṣọ́nárì, a fọ́ ilé ìjọsìn, àwọn òyìnbó sì kúrò ní ìlú. Ìjọ kò kú; ọwọ́ àwọn ọmọ onílé ni ó bọ́ sí.

James Johnson: Ẹni Tí Ó Béèrè Owó Náà

Inú ìjọ yìí ni a rán James Johnson sí ní ọdún 1877 láti máa ṣe alábòójútó. Sàró ni, ọmọ Yorùbá ni àwọn òbí rẹ̀, ìwà mímọ́ rẹ̀ sì le débi pé ‘Johnson Mímọ́’ ni àwọn ènìyàn ń pè é. Òun náà fẹ́ràn orúkọ, ìṣe àti ìjọba aláwọ̀ dúdú, ó sì gbàgbọ́ pé ìjọ Áfíríkà gbọdọ̀ dá dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Àwọn Ẹ̀gbá ì bá fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun méjì ni ó béèrè lọ́wọ́ wọn, méjèèjì sì kan àpò.

Èkíní ni owó kíláàsì. Ó ní kí ọmọ ìjọ kọ̀ọ̀kan máa san iye kan déédéé láti fi bọ́ àwọn oníṣẹ́ ìjọ, dípò kí a máa gbójú sókè sí Lọ́ńdọ́nù. Èkejì ni ọ̀rọ̀ ẹrú. Ó wo yíká, ó rí i pé kì í ṣe àwọn ọmọ ìjọ lásán ni ó ní ẹrú. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ náà wà nínú rẹ̀. Lójú rẹ̀, ẹni tí ó ń wàásù ìràpadà kò lè ní ènìyàn tí ó rà. Ó ní kí wọ́n jọ̀wọ́ wọn, tàbí kí wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Àtakò tí ó bẹ́ sílẹ̀ kò kéré. Àwọn ọmọ ìjọ binu. Àwọn olóyè ìlú ní ọkùnrin yìí fẹ́ ba ìlú jẹ́, nítorí pé bí ẹrú onígbàgbọ́ bá lọ, ti ẹlòmíràn yóò tẹ̀lé e. Àwọn míṣọ́nárì òyìnbó kan náà kò sì gbè é lẹ́yìn. Ní ọdún 1880, CMS yọ ọ́ kúrò ní Abẹ́òkúta, ó sì padà sí ìjọ rẹ̀ ní Breadfruit, Èkó. Òdodo ọ̀rọ̀ ni pé ọwọ́ rẹ̀ le. Kò ní sùúrù, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ rọ ènìyàn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá a lọ pátápátá. Ní nǹkan bí àkókò yẹn ni CMS fi ṣe òfin pé òṣìṣẹ́ rẹ̀ kankan kò gbọdọ̀ ní ẹrú.

Kí òǹkàwé kíyè sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níhìn-ín. Kò sí ẹni tí ó lé Johnson nítorí pé ó wàásù ìfẹ́. Ó ti ń wàásù ìfẹ́ tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ń ṣe àmín. Ìgbà tí ìfẹ́ di ohun tí ó ní iye, tí a lè ka iye náà ní owó ẹyọ, ni ìjọ rí i pé ọkùnrin náà ti le jù. Kì í sì í ṣe àwùjọ aláìgbàgbọ́ ni ó kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́ yìí. Ọdún 1880 ni a wà, kò sí rédíò, kò sí tẹlifíṣọ̀n, kò sí òyìnbó aláìgbẹ́sìn kankan tí ó wá bá wọn sọ̀rọ̀.

Ohun Tí Ó Tẹ̀lé E

Báwo ni oko ẹrú ṣe wá dópin ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá? Ìwàásù ní ọwọ́ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwàásù nìkan. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ojú irin ti Èkó wá kan Abẹ́òkúta. Iṣẹ́ owó ojúmọ́ dé. Agbára òfin Gẹ̀ẹ́sì ń gbilẹ̀. Ẹrú tí ó rí ibi tí ó lè fi agbára rẹ̀ gba owó ti ara rẹ̀ kò dúró de àṣẹ olówó mọ́. Ó jẹ́ ohun ìtìjú díẹ̀ fún àwa onígbàgbọ́ láti gbà pé ọjà àti ìjọba parí iṣẹ́ tí ìjọ bẹ̀rẹ̀ tí kò sì ní ìgboyà láti parí.

Ṣùgbọ́n ìtàn náà kò parí sí ìtìjú. Ohun kan wà tí àwọn onígbàgbọ́ Ẹ̀gbá san owó rẹ̀ láìkùn: ilé-ìwé. Ìjọ dá Abẹ́òkúta Grammar School sílẹ̀ ní ọdún 1908, ìjọ Onítẹ̀bọmi sì dá Baptist Boys’ High School sílẹ̀ ní ọdún 1923. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin àkọ́kọ́ tí ó wọ Grammar School ni Fúnmiláyọ̀ Thomas tí a bí ní ọdún 1900, tí ó wá di Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti nígbà tí ó fẹ́ Àlùfáà I. O. Ransome-Kuti ní ọdún 1925. Nínú ìran baba rẹ̀ ni a ti rí ẹni tí a tà lẹ́rú, tí ó dé Sàró, tí ó sì padà wá sí Abẹ́òkúta. Ìtàn ìràpadà wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọ̀làjú ni ó kọ́kọ́ dá sílẹ̀, ẹgbẹ́ tí ó ń kọ́ni ní oúnjẹ sísè àti ìwà ọmọlúàbí. Ní nǹkan bí ọdún 1944 ni obìnrin ọlọ́jà kan wá ní òun fẹ́ kọ́ ìwé kíkà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọlọ́jà, ibẹ̀ ni àwọn tí ó kàwé sì ti gbọ́ ohun tí ojú àwọn tí kò kàwé ń rí: ìrẹsì tí a ń gbà lọ́wọ́ wọn, owó orí tí a ń gbà lọ́wọ́ obìnrin tí kò ní ohùn kankan nínú ìjọba. Nígbà tí ó di ọdún 1946, ẹgbẹ́ náà ti di Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta, tí ọlọ́jà àti olùkọ́ jọ wà nínú rẹ̀. Ní ìparí ọdún 1947, ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin sùn sí iwájú ààfin Aké. Aláké Adémọ́lá kúrò ní ìlú ní Oṣù Keje ọdún 1948, ó fi oyè sílẹ̀ ní Oṣù Kìíní ọdún 1949, kí ó tó padà sórí oyè ní ọdún 1950. A dá owó orí obìnrin náà dúró.

Ṣé ìlànà Kìrìsìtẹ́nì ni èyí, tàbí ti àwùjọ òde òní? Ìwé ẹ̀sùn, ìwé ìròyìn àti ìwọ́de ni irinṣẹ́ wọn. Ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú ni ọ̀rọ̀ wọn. Kìrìsìtẹ́nì, Mùsùlùmí àti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ni wọ́n jọ wà nínú ogunlọ́gọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni ìgbà tí obìnrin ọ̀làjú kan gbà láti jókòó ti obìnrin ọlọ́jà, tí ó pa aṣọ òyìnbó tì, tí ó ró ìró, tí ó sì ń sọ Yorùbá níwájú àwọn aláṣẹ. Ó fi iyì kan sílẹ̀ kí ẹlòmíràn lè ní iyì. Iye tí ó san nìyẹn.

Àwùjọ Òde Òní

Lónìí, Òfin Ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní abala kẹwàá rẹ̀, sọ pé ìjọba kankan kò gbọdọ̀ sọ ẹ̀sìn kan di ẹ̀sìn ìlú. Àwọn kan gbà pé èyí ni orísun ìbàjẹ́. Mo bẹ̀bẹ̀ láti yapa. Òfin tí kò gbé ẹ̀sìn kan ga kò túmọ̀ sí òfin tí kò ní ìlànà. Ní ọdún 2003, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kan náà tí kì í ṣe ti ìjọ ni ó ṣe Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé. Ó ka títa, ríra àti yíyá ọmọdé sí ẹ̀ṣẹ̀, ó sì fi ààlà sí iṣẹ́ tí a lè gbé lé ọmọdé lọ́wọ́. Bí a bá gbé òfin yìí kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí Johnson béèrè ní ìlú yìí láàárín ọdún 1877 sí 1880, a ó rí i pé ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Ta ni kò wá pa òfin náà mọ́? Kí a wo inú ilé wa. Ọmọ ọ̀dọ̀ tí a mú wá láti abúlé tàbí láti ìlú òkèèrè, tí a san owó rẹ̀ fún alárinà, tí a ṣèlérí ilé-ìwé fún, tí ó ń jí ṣáájú gbogbo ilé, tí ó sì ń sùn kẹ́yìn wọn, ilé onígbàgbọ́ ni ó wà, ilé Mùsùlùmí ni ó wà, ilé ẹni tí kò ṣe ẹ̀sìn kankan ni ó wà. Nígbà tí a bá sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, àwíjàre tí a máa ń gbọ́ ni pé ohun tí ọmọ wa ń jẹ ni òun náà ń jẹ, pé ó sàn fún un ju abúlé lọ, pé bí kò bá sí nílé wa, ilé ẹlòmíràn ni yóò wà. Kò sí ọ̀kan nínú àwíjàre wọ̀nyí tí àwọn ọmọ ìjọ ayé Johnson kò lè sọ nípa ẹrú ilé wọn.

N kò sọ pé àwùjọ òde òní kò ní àléébù. Ìyára àtilà rẹ̀ pọ̀. Ojú ni ó ń wò, kì í wo ìwà. Bí ènìyàn bá ti ní ọlà, kò béèrè ibi tí ó ti rí i kí ó tó fi ọlá fún un. Ọ̀dọ́ tí ó rí i pé báyìí ni ayé rí yóò wá ọ̀nà àbùjá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọ náà bá pe àwọn ènìyàn jáde ní ìpele-ìpele owó, kí ni ó ń kọ́ ọ̀dọ́ náà tí ọjà kò tíì kọ́ ọ? Òwe kẹ̀kẹ́ ìhìnrere kò burú. Ibi tí ó ti ń burú ni ìgbà tí kẹ̀kẹ́ bá gun ìhìnrere.

Ìkádìí

A ti rí i pé àwọn baba wa kò mọ́ jù wá lọ, bẹ́ẹ̀ ni a kò sì mọ́ jù wọ́n lọ. Ìfẹ́ ọrọ̀ ti wà kí ìgbàgbọ́ tó dé, ó wọ inú ìgbàgbọ́, ó sì wà pẹ̀lú wa. Ìlà tí ó pààlà kò gba àárín ilé ìjọsìn àti ojú títì kọjá. Àárín ọkàn ẹnì kọ̀ọ̀kan ni ó gbà, níbi tí ohun tí a mọ̀ pé ó tọ́ ti ń pàdé ohun tí a kò fẹ́ pàdánù. Àwọn ìlànà tí ó ta gbòǹgbò ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá ni àwọn tí ẹnìkan san owó wọn: àwọn ẹbí tí ó ra ìyá Crowther padà, àwọn òbí tí ó ta irè oko láti rán ọmọ lọ sí ilé-ìwé, Johnson tí ó pàdánù ipò rẹ̀, àwọn obìnrin tí ó sùn sí gbangba. Èyí tí a kàn wàásù rẹ̀ ni afẹ́fẹ́ gbé lọ.

Mo tún máa ń ronú nípa ọmọdébìnrin ẹnu ọ̀nà yẹn. Ní ọjọ́ náà, mo kí ọ̀gá rẹ̀, a jọ sọ̀rọ̀ nípa ìwàásù, a ní ó dára, a ní ayé ti bàjẹ́. N kò béèrè orúkọ ọmọ náà. N kò béèrè bóyá ó ń lọ sí ilé-ìwé. Ìbéèrè yẹn ì bá ná mi ní ọ̀rẹ́ àárín èmi àti aládùúgbò mi, mo sì ka iye náà sí èyí tí ó pọ̀ jù. Nítorí náà, n kò lè dá àwọn ọmọ ìjọ ọdún 1880 lẹ́jọ́ láti òkèèrè. Bí a ti bí ẹrú ni a bí ọmọ: gbogbo wa ni a mọ òwe náà, a sì ti mọ̀ ọ́n kí Townsend tó dé. Ohun tí ó kù ni iye rẹ̀, kì í sì í ṣe ayé òde òní ni yóò bá wa san án.